Ọ̀bẹ Lórí Ikùn Aṣọ

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́ mi ní aṣọ híhun. Òun náà ló kọ́ mi ní ìkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jiyàn, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ọdún tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó oko kòkó káàkiri agbègbè wa ni wọ́n mú mi lọ bá a. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá mi. Lọ́jọ́ tí iná wọ oko rẹ̀, ó dé ilé tòun ti eérú nínú irùngbọ̀n, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Àpòmù ń wá ọmọ tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Mo di aṣọ mẹ́ta sínú àpò. Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè rárá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá lè fẹsẹ̀ rìn ín, ṣùgbọ́n ọdún méje ni mo lò kí n tó padà sílé.

Màmá ni mo ń pè é. Opó ni, gbogbo ọmọ tó bí ló ti kú ní kékeré. Ó ga, ó gbẹ, kì í pa ìrun jẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òun nìkan ló kù ní àdúgbò náà tó ṣì ń hun kíjìpá lára òpó. Èyí kì í ṣe òfì tí àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí, tí aṣọ rẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. Tiwa, òpó méjì ni wọ́n rì mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi kan wà lókè, igi kan wà nísàlẹ̀, a óò wá ta òwú yí igi méjèèjì po. Obìnrin yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò máa fi òwú mìíràn la àárín rẹ̀ kọjá, yóò sì máa fi pátákó pẹlẹbẹ kan gbá a mọ́ra. Pàì, pàì, pàì. Bí mo bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ lójijì títí dòní, ọwọ́ mi á sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Màmá, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Nítorí pé òwú yí igi po, tí a bá hun ún títí débi tí ọwọ́ kò lè kọjá mọ́, àlàfo kékeré kan á ṣẹ́ kù tó jẹ́ òwú lásán. Ibẹ̀ là ń pè ní ẹnu aṣọ. Ibi tí a ti hun ni ikùn rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò hun odindi aṣọ kan, òun nìkan. Ọ̀gá rẹ̀ yóò fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò wá mú ọ̀bẹ. Bí ọ̀gá bá gé e ní ẹnu, aṣọ bọ́ sílẹ̀ lódindi, o ti gba fírídọ́ọ̀mù nìyẹn, wọ́n á ṣàdúrà fún ọ, o lè máa lọ. Bí ó bá gé e ní ikùn, aṣọ ti di àkísà, kí o tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí òwú. Kò sì sí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ kò gé aṣọ fún. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju pé kí ọ̀bẹ yẹn bọ́ sí ẹnu.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan òpó. Mò ń gbọ̀n òwú, mò ń ran án, mò ń re é láró títí èékánná mi fi dúdú bí ẹni tó ń walẹ̀. Kí a tó hun òwú, a máa ń rì í sínú omi ògì gbígbóná, a óò sá a, kí ara rẹ̀ lè le, kí ó má baà máa já. "Òwú tí kò bá mu ògì, ara rẹ̀ á rọ̀ bí ara ọ̀lẹ," ohun tí Màmá máa ń sọ nìyẹn, á sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé èmi lòwú náà.

Nígbà tó wá gbà mí láyè nídìí òpó, ojú mi rí màbo. Tí mo bá ṣi òwú kan kà, pátákó á balẹ̀ sórí ìka mi kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣì í kà. Kì í pariwo. Kì í bínú pàápàá. Á gbá mi bó ṣe ń gbá òwú, á tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ló gbá ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi, ó wú, nígbà tó sì rọlẹ̀, ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Mo sunkún lọ fi hàn án. Ó yí ìka náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Èyí tó wọ́ yìí dára. Wàá lè máa fi kọ́ òwú." Háà, Màmá! Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Òun ni mo fi ń kọ́ òwú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo hun aṣọ mi àkọ́kọ́. Màmá fà á wò, ó ní etí rẹ̀ ti fún wọlé bí ìbàdí agbọ́n. Ó gé e ní ikùn. Ọdún kejì, mo hun òmíràn. Ó fi ìka tọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó ní, "Òwú kan kò kọjá níbí." Mo wò ó títí kí n tó rí i. Òwú kan ṣoṣo o, nínú bí ẹgbẹ̀rún! Ó gé e ní ikùn. Ó wá kó àkísà méjèèjì fún mi pé kí n máa fi nu ilẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, tí mò ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi nu ilẹ̀ ibi tí ó máa jókòó sí.

Ẹ̀kẹta ni n kò lè gbàgbé. Kí iná tó jó oko wa, a máa ń sá kòkó sórí ẹní níwájú ilé ní Ìkirè, èmi ni wọ́n sì máa ń ní kí n fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á fi ipa sílẹ̀ nínú kòkó náà, ní méjì méjì, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó sì ń tẹ̀ díẹ̀ níbi tí mo bá ti yí padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tí mò ń ká òwú, ipa ẹsẹ̀ yẹn kàn ṣàdédé wá sí mi lójú. N kò tilẹ̀ ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Mo wá èèpo igi, mo sè é, mo fi re òwú títí ó fi rí bí kòkó tó gbẹ dáadáa, mo wá fi òwú funfun fa ipa ẹsẹ̀ náà sára rẹ̀ ní méjì méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú u kí ibi tó ti tẹ̀ yẹn tó gbà fún mi. Bí mo ṣe ń hun ún, ń ṣe ni mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti padà sí iwájú ilé wa. Àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó, ọ̀kan ní, "Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ kò ní kán o!" Mo ti ń di ẹrù mi nínú ọkàn.

Màmá jókòó síwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ́ ọ padà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ipa ẹsẹ̀ náà.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Màmá. Èmi ni mo rò ó."

"Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Níbo, Màmá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

"Mo ní ó wà níbẹ̀."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e ní ikùn. Mo wá àṣìṣe náà lára ìlàjì méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oòrùn, pẹ̀lú àtùpà. Kò sí. Nígbà tí mo lọ kó o láti fi nu ilẹ̀ bí ìṣe mi, n kò bá a níbi tí mo fi í sí. Mo gbà pé ó ti sun ún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àṣírí tú sí mi lọ́wọ́. Ìdì òwú méjì wà nílẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan jẹ́ aláró. Màmá na ọwọ́, ó ní, "Èwo ni funfun nínú ìwọ̀nyí?" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, àfi bí mo ṣe rántí pé Màmá kì í ṣẹ̀fẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ife kí ó tó gbé e. Tí èèyàn bá wọlé, á dúró kí onítọ̀hún kọ́kọ́ kí òun kí ó tó pe orúkọ rẹ̀. Ojú Màmá ti ń lọ, bóyá láti bí ọdún méjì, òjìji nìkan ló ṣì ń rí. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ahunṣọ tí kò ríran, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un? Ojú mi ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá gé aṣọ mi ní ẹnu, ojú rẹ̀ yóò rìn lọ sí Ìkirè. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń hó nínú mi: ó ní àṣìṣe wà lára aṣọ mi, ojú wo ló fi rí i?

Mo tún ta òwú sí òpó kejì, èyí tó wà fún ọmọ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, mo tún hun ipa ẹsẹ̀ mi. Ó parí. Oṣù kan gbáko ló fi wà níbẹ̀, Màmá kò yà síbẹ̀ kó fọwọ́ kàn án. Tí mo bá rán an létí, á ní, "Kí lò ń kánjú lọ ṣe?"

Ìgbà náà ni àwọn olórìṣà kan wá láti Ìkòyí tó wà nítòsí wa, kì í ṣe ti Èkó. Òrìṣà funfun ni wọ́n ń bọ, wọ́n sì fẹ́ aṣọ funfun báláú tí wọn yóò fi bo ojúbọ wọn. Wọ́n ní òfin tiwọn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró nìkan ló gbọdọ̀ hun ún, wọ́n á sì ta ẹní bò ó kí ojú àlejò má baà kàn án kí ó tó délé òrìṣà. Màmá gbà á. Tí àwọn ará ilé bá ń kùn pé mùsùlùmí ń hunṣọ fún òrìṣà, á ní, "Ìhòòhò ni wọ́n bí gbogbo wa." Nítorí náà òun ló jókòó sẹ́yìn ẹní, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń ká òwú mọ́ igi, mò ń na án sí i.

"Funfun ni?" á bèèrè.

"Funfun ni, Màmá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo na òwú aláró sí i. Ẹ má rò pé ìbínú ojú ẹsẹ̀ ni. Mo ti fi ọṣẹ fọ òwú náà lójúmọ́ kan ṣáájú, kí òórùn aró lè kúrò lára rẹ̀, mo sì sá a lẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Màmá gbà á. Ó yí i lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò pa á.

"Funfun ni?"

"Funfun ni, Màmá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Ó hun ún. Ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó dúdú, ó dá aṣọ náà sí méjì. Lẹ́yìn náà mo tún na funfun sí i, ó ń bá a lọ. Inú mi dùn. Irọ́ kọ́, inú mi dùn bíi ti ọmọ tó rí ẹran iléyá. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí aṣọ náà parí, mo sì lè sọ̀rọ̀ ní èyíkéyìí nínú wọn. Mo bá a mú un dání nígbà tó ń gé e ní ẹnu. Mo bá a ká a, mo fi dúdú náà sínú. Mo gbé e lérí nígbà tí a ń lọ sí ìdíkọ̀. Nínú ọkọ̀, ó gbé e lé itan, ó ń fi ọwọ́ pa á bí orí ọmọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ?" Mo ní, "Kò sí, Màmá."

Ní Ìkòyí, àwọn obìnrin aláṣọ funfun bí mẹ́wàá jókòó dè wá. Wọ́n kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Méjì di etí aṣọ náà mú, wọ́n tú u. Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó dúdú!" Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu.

Àgbà inú wọn ní, "Ìyá, kí lẹ hun sára aṣọ bàbá wa?"

Màmá dìde. Ó yíjú sí ibi tó rò pé obìnrin náà wà, ògiri ló kọjú sí. Gbogbo wọn rí i. Mo rí ojú wọn bó ṣe ń ti ara aṣọ bọ́ sára Màmá, mo rí ọ̀kan tó gbé ọwọ́ wá síwájú ojú Màmá, tó jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí Màmá kò ṣẹ́jú. Mo rò pé yóò sọ pé ọmọ yìí ni. Mo ti ń wá irọ́ tí n óò pa.

"Ẹ má bínú," ó sọ fún ògiri. "Ojú mi ni. N kò ríran mọ́."

Wọ́n dá aṣọ náà padà fún wa. Kí a tó dé Àpòmù, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa délé. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá fún Màmá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n gbé aṣọ funfun náà wá. Ó tú u lé ẹsẹ̀. Ìka rẹ̀ rìn lórí rẹ̀, kò ṣìnà, ó lọ dúró lórí dúdú náà gan-an.

"Òwú yìí kò ní ògì lára," ó ní. "O fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí n má baà gbóòórùn aró. Ta ló ń fọ òwú kó tó hun ún? Kò sí èyí tí n kò kọ́ ọ, o sì gbàgbé ògì."

"Màmá… ẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi hun ún?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tí wàá bá a dé." Kò gbé ohùn sókè. "Mo ní, yóò sọ̀rọ̀ ká tó gé e. Mo ní, yóò sọ̀rọ̀ ká tó ká a. Nínú ọkọ̀, mo bi ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ sídìí òpó kejì, ibi tí ipa ẹsẹ̀ mi wà láti ohun tó lé ní oṣù kan. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá ẹnu aṣọ náà, ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó gé e. Aṣọ mi bọ́ sílẹ̀ lódindi.

"Ó tán," ó ní. "Ohun tí mo mọ̀, o ti mọ̀ ọ́n tán. Iṣẹ́ ti dé ọ lọ́wọ́, ìkà náà ti dé ọ lọ́wọ́. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Máa lọ sílé yín."

Àdúrà tí mo gbà nìyẹn. Ọdún méje ni mo fi wá a.

Mo rì òpó tèmi sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Ìkirè. Ipa ẹsẹ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá kiri, àwọn èèyàn ń ti Ìbàdàn wá bèèrè rẹ̀. N kò padà lọ wo Màmá. Bàbá mi a máa lọ, á dé, á ní ó jókòó síwájú òpó òfìfo, ó ń fi pátákó gbá afẹ́fẹ́. Ọdún kẹrin ni Màmá kú. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n bá aṣọ mi kẹta níbẹ̀, èyí tí mo rò pé ó ti dáná sun. Ó ti rán ìlàjì méjèèjì pọ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún, bí iṣẹ́ ẹni tí kò ríran, àmọ́ ó ti mú ipa ẹsẹ̀ náà pàdé ara wọn. Wọ́n gbé e wá fún mi pé kí n rí i bó ṣe fẹ́ràn mi tó. N kò sunkún o. Inú ló bí mi. Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe?

Èmi náà wá gba akẹ́kọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan láti Orílẹ̀-Òwu. Mo búra pé n kò ní fi pátákó kàn án, n kò sì fi kàn án rí. Ọdún karùn-ún ló hun odindi aṣọ rẹ̀. Ó fi àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́ àti pupa ilẹ̀ ṣe ọnà kan tí n kò rí rí, tí n kò kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà mi dúró yí i ká, wọ́n ń pariwo. Mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú mi ríran kedere, mo wá àṣìṣe, mo tún wá a. Kò sí.

"Àṣìṣe wà níbẹ̀," mo sọ.

Mo gé e ní ikùn.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kó ìlàjì méjèèjì nílẹ̀, ó ká a dáadáa, ó kí mi, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó sì wò mí lójú. Mo mọ ìwò yẹn. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó ń ká òwú, ó ń na án sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tó bá ti na òwú sí mi, mo máa ń kọ́kọ́ gbé e jáde lọ wò nínú oòrùn, n ó sì fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ògì wà lára rẹ̀.